Òkúta Arò ní Etíkun Tarkwa

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, òkúta kì í ṣe ohun tuntun lójú mi. Lẹ́yìn ilé wa, orí àpáta ni a ti ń sá láfún, orí rẹ̀ náà ni a sì ń sá aṣọ sí. Nígbà tí ilé-ìwé wa kó wa lọ sí etíkun Tarkwa ní Èkó, òkun ni mo fẹ́ lọ wò, nítorí n kò rí òkun rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ nígbà tí a fi máa padà sílé, òkúta ni mo ń rò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Tarkwa wà ní ẹnu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń tú sínú òkun, ní apá ìwọ̀-oòrùn. Kò sí mọ́tò tó dé ibẹ̀. Bí erékùṣù ló rí, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn lọ. Ní CMS ni a ti wọ ọkọ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi, tèmi tóbi débi pé ó bo etí mi. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ga ju ilé ìjọba lọ. Nígbà tí a dé, omi tó wà níbẹ̀ rọra ń mì ni, àwọn ọmọ kéékèèké ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ìyá wọn jókòó lábẹ́ kánópì, wọ́n ń jẹ ẹja yíyan. Mo rò ó pé, ṣé òkun tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà wá nìyí?

Ìgbà tí a rìn síwájú sí i ni mo tó rí òkun gidi. Ògiri òkúta ńlá kan nà gbọọrọ wọ inú rẹ̀, ìgbì sì ń lu ògiri náà bí ẹni tí inú ń bí. Mo gun àwọn òkúta náà kí olùkọ́ wa tó pariwo mọ́ mi. Mo wo èyí tí mo dúró lé. Ó ní àwọ̀ eérú, funfun àti dúdú wínníwínní dà pọ̀ mọ́ra lára rẹ̀. Mo mọ irú òkúta yẹn. Mo ní, "Sà, òkúta yìí jọ ti ilé wa." Olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìtàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ti ilé yín náà ni. Sọ̀kalẹ̀ kí n sọ fún ọ."

Ohun tó sọ fún wa lábẹ́ igi àgbọn lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo kà kún un nígbà tí mo délé, ni mo fẹ́ kọ síbí.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, òwò ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ẹnu ọ̀nà ìlú náà tí ìbọn kò lè lé lọ. Òkè yanrìn kan ni, tó sùn sábẹ́ omi níbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Bar ni àwọn òyìnbó ń pè é, ibẹ̀ náà ni orúkọ Bar Beach ti wá. Nígbà mìíràn, omi orí rẹ̀ kì í tó ẹsẹ̀ bàtà 12, yanrìn náà kì í sì í dúró sójú kan: ibi tí ọkọ̀ gbà lóṣù yìí lè ti dí ní oṣù tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ńlá tó bá fẹ́ kọjá níbẹ̀ lè fi ìdí sọlẹ̀, kí ìgbì sì fọ́ ọ.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti Liverpool kì í wọ Èkó rárá. Forcados, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ni wọ́n ń lọ, kí wọ́n já ẹrù Èkó síbẹ̀, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké sì kó o padà wá sí Èkó. Bí ẹni tó fẹ́ lọ láti Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn tó wá kọ́kọ́ gba Òǹdó ni. Ẹpo pupa, èkùrọ́ àti kòkó tó ń lọ sí ìlú òyìnbó náà ń jìyà kan náà. Àwọn èrò tó bá sì máa sọ̀kalẹ̀ lójú òkun, inú àga onígi kan tó dà bí àpótí ni wọ́n ń kó sí, tí wọ́n á fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ méjèèjì ń mì, àga ń fì láàárín wọn. Kì í ṣe ohun tí èmi lè ṣe.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti London, láti iléeṣẹ́ Coode, ti sọ fún ìjọba láti ìgbà pípẹ́ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n owó tó máa ná wọn pọ̀, ni wọ́n bá pa á tì. Ìgbà tí Walter Egerton di gómìnà ni iṣẹ́ náà tó gbérí. Ète wọn kò le láti lóye: wọ́n á mọ ògiri òkúta méjì wọ inú òkun, ọ̀kan ní apá ìlà-oòrùn ẹnu omi náà, ọ̀kan ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹnu omi á há. Omi ọ̀sà tó ń jáde á máa fi agbára já, á sì máa gbá yanrìn lọ fúnra rẹ̀ bí omi òjò ṣe ń gbá ìdọ̀tí inú gọ́tà. Láàárín 1908 sí 1912 ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ògiri náà. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ Èkó tààrà.

Níbo wá ni wọ́n ti rí òkúta? Èkó kò ní. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, èèyàn lè gbẹ́ ilẹ̀ títí kó má kan àpáta. Arò ni wọ́n wá, ní Abẹ́òkúta. Bí a bá dárúkọ Arò lónìí, ilé ìwòsàn àwọn tí ara ọpọlọ wọn kò yá ni gbogbo ayé ń rò, àwọn ọmọ kíláàsì mi gan-an bú sẹ́rìn-ín nígbà tí olùkọ́ wa dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn náà tó wà, òkúta ni wọ́n mọ Arò sí lọ́dọ̀ ìjọba. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá, nítorí ní 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Wọ́n ń fọ́ àpáta ní Arò, wọ́n ń dì í sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń gbé e lọ sí Èkó, wọ́n sì ń dà á sínú òkun, lọ́jọ́ dé ọjọ́, lọ́dún dé ọdún. Ìwé dárúkọ gómìnà, ó dárúkọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn tó fi òòlù fọ́ òkúta, tí wọ́n fi èjìká gbé e, kò sí orúkọ wọn lára ògiri náà. Bóyá ará àdúgbò wa ni àwọn kan nínú wọn.

Ìyẹn ni apá kìn-ín-ní ìtàn náà, èyí tí àwọn òyìnbó rò tẹ́lẹ̀. Apá kejì ni ó jọ mí lójú jù.

Ìṣàn omi etíkun wa máa ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti ọ̀nà Bàdágìrì lọ sí ọ̀nà Lẹ́kí. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Èkó dó. Yanrìn tí ìgbì bá wọ́ lọ ní Bar Beach lónìí, òmíràn á ti ọ̀nà Bàdágìrì wá rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ògiri wá dábùú ọ̀nà, yanrìn tó ń bọ̀ kọlu ògiri apá ìwọ̀-oòrùn, ó dúró síbẹ̀. Lọ́dọọdún ni ó ń kóra jọ, tí ilẹ̀ ń gbòòrò sí i. Nínú kọ̀rọ̀ tí ògiri náà ṣíji bò, níbi tí ìgbì kò ti lè fi agbára dé, etíkun kan yọ, tí omi rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Òun ni Tarkwa. Ẹni tó bá sọ pé Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀ bí ó ṣe wà kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n rélùwéè àti òkúta Arò wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní apá kejì omi, ebi yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í pa Bar Beach. Òkun ń mú, kò sí ohun tó ń fi dípò. Kí ọdún 1960 tó dé, ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan ti bá omi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri apá ìlà-oòrùn. Láti àkókò yẹn ni ìjọba kan lẹ́yìn òmíràn ti ń wa yanrìn dà síbẹ̀, òkun á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tún da òmíràn. Títí di bí ogún ọdún sẹ́yìn, omi òkun ṣì ń gun ojú ọ̀nà Ahmadu Bello nígbà tí ìgbì bá ru.

Ọmọ Èkó ni màmá àgbà mi, Láfíàjì ni wọ́n bí wọn sí kí bàbá àgbà tó fẹ́ wọn wá sí Abẹ́òkúta. Mo bi wọ́n léèrè nípa Bar Beach, ojú wọn sì tàn. Wọ́n ní lọ́jọ́ Kérésì àti lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo Èkó ni ó ń wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ, ẹnikẹ́ni kì í gba owó ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́ṣin á gbé ọmọdé gun ẹṣin, oníyàwòrán á sáré tẹ̀ lé e. Àwọn onísùtánà funfun á máa gbàdúrà létí omi, ẹlẹ́gbẹ́ á máa lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sí ẹni tó ń dí ẹnì kejì lọ́wọ́. Ètò tẹlifíṣọ̀n kan tilẹ̀ wà tí Art Alade ń ṣe, Bar Beach Show ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní láti 1971, nígbà tí ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè níbẹ̀ ní gbangba, ìyá wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ń lọ wòran. Màmá àgbà mi kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn púpọ̀.

Mo ní, "Màmá, kí ló wá ṣe ibẹ̀?" Wọ́n ní, "Omi ló jẹ ẹ́." Mo wá ṣàlàyé pé òkúta tiwa láti Arò wà nínú ohun tó jẹ́ kí omi jẹ ẹ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin Ẹ̀gbá wọ̀nyí!"

Lónìí, ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ló wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí wá síbi ayẹyẹ rẹ̀. Wọ́n wa yanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun dí ibi tí òkun ti gbà, wọ́n sì fi òkúta àti kọnkéré mọ ògiri tuntun. N kò bú wọn. Ó sàn kí ilẹ̀ wà ju kí omi wọ ilé onílé lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ Láfíàjì kò lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá mọ́ kó lọ gun ẹṣin. Ẹni tó bá fẹ́ etíkun á wọ mọ́tò lọ sí ọ̀nà Lẹ́kí, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa.

Àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló kọ́kọ́ sọ Tarkwa di ibi ìgbafẹ́. Wọ́n á gba ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á padà nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Èkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ibi tí àlejò bá ń lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò gba àlejò. Ohun tí mo rí lójú ara mi nìyí: kánópì àti àga tí wọ́n ń yá èèyàn, obìnrin tó ń yan ẹja, ọmọkùnrin tó ń gun àgbọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a sanwó kí a tó wọ̀, omi inú kẹ́ẹ̀gì tí a fi ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi pátákó gun ìgbì lẹ́yìn ògiri náà, wọ́n dúró lórí omi bí ẹni dúró lórí ilẹ̀. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò wọn, òkìkí wọn sì ti dé òkè òkun. Nǹkan wọ̀nyí ni ìwé ń pè ní ohun amáyédẹrùn fún arìnrìn-àjò afẹ́. Ní Tarkwa, ọwọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Mo yá àga lọ́wọ́ ìyá kan, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Wàá rí tìrẹ tà, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ kánópì ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ bi yín ni, ta ló kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn?"

"Èmi àti àbúrò mi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la kọ́ ọ."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀, mà?"

"Ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n tó lé wa, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí a padà dé."

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020 ni wọ́n ń sọ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi dé sí Tarkwa, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kó jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé sì di aláìnílé. Wọ́n wó ilé. Àwọn ìwé ìròyìn gbé àwòrán rẹ̀: ìyá àti ọmọ jókòó létí omi pẹ̀lú ibùsùn àti ìkòkò, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn. Ìdí tí àwọn ológun sọ ni pé àwọn kan ń dá páìpù epo lu ní agbègbè náà, wọ́n ń jí epo. Páìpù epo wà níbẹ̀ lóòótọ́, epo jíjí sì léwu. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa iná tó jó àwọn tó lọ gbọ́n epo. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Ohun tí kò yé mi ni bí ìyá tó ń yá èèyàn ní àga ṣe di olè nítorí pé ilé rẹ̀ kò jìnnà sí páìpù.

Mo bi olùkọ́ wa pé ta ló ni Tarkwa gan-an. Wọ́n ní Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba àpapọ̀ náà sì máa ń sọ pé etí omi jẹ́ tiwọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí gómìnà Egerton gba iṣẹ́, púpọ̀ nínú yanrìn tí mo gbé àga lé kò tíì sí níbẹ̀. Kò sí oyè kankan lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó jogún rẹ̀. Òkun ló kó o wá, òkúta ló dá a dúró, àwọn èèyàn sì dé, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí àlejò lè jókòó sí kó rí omi mu. Lójú tèmi, ó yẹ kí iṣẹ́ apá kẹta yìí ka nǹkan. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn náà lọ, etíkun kò parẹ́, yanrìn àti omi ṣì wà. Ìyá náà ní àwọn àlejò tó kọ́kọ́ padà wá kò rí ibi tí wọ́n á ti ra omi.

Wọ́n kò gba owó àga lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ọmọdé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kì í sanwó.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun ni a wọ̀ padà, láti Èbúté Mẹ́ta. Gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì mi sùn kí a tó kúrò ní Agége. Èmi ń wo ìta. Ojú irin àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àwọn ibì kan, koríko ti bò ó. Mo ń ro àwọn òkúta tó ti gba ọ̀nà yìí lọ sí Èkó tí kò sì padà. Nígbà tí mo délé, màmá àgbà mi gbọ́ bí yanrìn ṣe ń dún nínú bàtà mi. Wọ́n bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ìka pa á, wọ́n sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ gbọn ìyókù dà sórí àpáta ní ẹ̀yìnkùlé, kí n má dà á sórí láfún àwọn.